Kí Owó Ẹkùn Tó Dé Ọjà, Ẹ Kọ Orúkọ Àwọn Tó Ń Tajà Níbẹ̀

Ní ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú buwọ́ lu òfin tí ó dá Àjọ Ìdàgbàsókè Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà: Èkìtì, Èkó, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ irú àjọ báyìí, kálukú ní ohun tí ó fẹ́ kí ó ṣe. Ẹnìkan yóò ní ojú irin, ẹlòmíràn yóò ní ọ̀nà márosẹ̀, àwọn kan yóò ní oko ọ̀gbìn ńláńlá. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í sábà wọ inú àwọn ètò ńlá wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé jù lọ. Ohun náà ni àárín ìlú: ọjà ọba, àwọn òpópónà tí ó yí i ká, àti àwọn ìsọ̀ tí àwọn òbí wa ti ń jẹun kí a tó bí wa.

Ìmọ̀ràn tí mo ní kò gùn. Bí owó ẹkùn yóò bá tún àárín ìlú wa ṣe, kí ohun àkọ́kọ́ tí a óò kọ sílẹ̀ má ṣe jẹ́ iye owó, kí ó má sì jẹ́ àwòrán ilé tuntun. Kí ó jẹ́ orúkọ àwọn tí ó ń ṣòwò níbẹ̀ lónìí. Àwọn àgbà ni wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá ka àwọn tí ó wà nínú ilé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí ni yóò fi mọ̀, nígbà tí ó bá parí, bóyá ó gbé wọn ró ni tàbí ó lé wọn jáde?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àárín ìlú jẹ́ sí wa. Bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá àtijọ́, tí ó ń tẹ̀lé ọ̀nà tí ó tóbi jù, iwájú ààfin ni yóò já sí, iwájú ààfin náà ni yóò sì ti bá ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Òṣogbo. Ọba ń dáàbò bo ọjà, ọjà ń bọ́ ìlú. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, àárín mìíràn tún dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ àti Gbági, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń ta aṣọ àti àwọn ìyá wa oníṣòwò ti jọ ń ná ọjà. Ní 1965 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn parí Ilé Kòkó alájà 26 sí Dùgbẹ̀, láti inú èrè tí ó ti orí kòkó àwọn àgbẹ̀ wá. Iná jó ilé náà ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992. A ṣì ń fi í yangàn títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rìn káàkiri Dùgbẹ̀ àti àwọn òpópónà Gbági àtijọ́ lónìí yóò rí i pé ilé gíga kan ṣoṣo kò lè gbé àárín ìlú ró. Ọjà aṣọ ti kó lọ sí Gbági tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti gba Bódìjà àti Ring Road lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ọjà, tí òkè rẹ̀ sì ṣófo. Gọ́tà dí, òjò díẹ̀ á rọ̀, omi á gba ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń ta ọjà ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti ìdajì èrè rẹ̀. Ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn ni ìṣòro gbà wọlé: àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ń wọ ọjà ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ń lé èyí tí àwọn aláró fi ọwọ́ ṣe kúrò lórí àtẹ. Ìlú méjèèjì yàtọ̀, àìsàn wọn yàtọ̀, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Níbí ni owó ìrànwọ́ ti wúlò, èyí tí a fi tọrẹ fún ìlú láìní dá a padà. Báńkì yóò yá oníṣòwò lówó láti ra ọjà, ṣùgbọ́n kò sí báńkì tí yóò yá ìyá aláta lówó láti la gọ́tà ìta rẹ̀, láti kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tí igba ènìyàn yóò máa lò, tàbí láti gbẹ́ kànga tí àwọn panápaná yóò máa fa omi láti inú rẹ̀ bí iná bá sọ lóru. Gbogbo ènìyàn ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣe lóore, nítorí náà kò sí ẹnìkan tí ó lè dá a san. Iṣẹ́ owó ẹkùn nìyẹn. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ọ̀nà wo ni owó náà yóò gbà dé ibẹ̀?

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ọ̀nà tí kò dára. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà wa yìí, wà nínú Àjọ Ìdàgbàsókè Niger Delta, NDDC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ìwé àjọ náà wò fínnífínní. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2021, ìjọba sọ pé láàárín 2001 sí 2019, iṣẹ́ 13,777 ni àjọ náà ti gbé jáde, pé owó tí ó sún mọ́ tírílíọ̀nù 6 náírà ni ó ti wọlé fún un, àti pé bí wọ́n ṣe ṣe àwọn iṣẹ́ náà mẹ́hẹ gidigidi.

Ẹ ronú sí 13,777. Bí ẹnìkan bá ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ kan lójoojúmọ́ láìsinmi, yóò lò ju ọdún 37 lọ. Èmi kò gbà pé olè nìkan ni ó ba irú àjọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà tí owó ń gbà ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé olú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ àgbàṣe, tí agbaṣẹ́ṣe sì ti ibòmíràn wá, ará abúlé kò ní mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ̀nà kan sí orúkọ abúlé òun. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ pé ó jẹ́ ti òun, kò lè béèrè rẹ̀. Bí pátákó bá wó, tí agbaṣẹ́ṣe sì kó ẹrù rẹ̀ lọ, ta ni yóò pe ta ni lẹ́jọ́?

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Jamestown, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ sí àga àti tábìlì ṣíṣe. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, tí àwọn ilé ìtajà ńlá sì bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, àárín ìlú dá páropáro. Ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pín ara rẹ̀ sí ẹkùn mẹ́wàá, ó sì gbé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2016, lábẹ́ Gómìnà Andrew Cuomo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Ìsọjí Àárín Ìlú. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Ìlú tàbí àdúgbò kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni yóò gba mílíọ̀nù 10. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ni Jamestown, Oswego, Plattsburgh, Geneva, àti àdúgbò Jamaica ní Queens, nínú ìlú ńlá New York fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe iye owó náà ni mo fẹ́ kí a kíyè sí. Bí wọ́n ṣe ń yan ìlú ni. Ìjọba kì í jókòó sí olú ìlú kí ó máa pín owó bí ẹni ń pín àkàrà níbi ìnáwó. Ìlú ni yóò kọ ìwé pé, ẹ wo ààlà àárín ìlú wa, ẹ wo ohun tí a ní, ẹ wo ohun tí a fẹ́ ṣe. Ìgbìmọ̀ ẹkùn yóò fi ìwé àwọn ìlú wé ara wọn, yóò sì dábàá ẹni tí ó tọ́ sí. Lẹ́yìn tí ìlú bá ti borí, owó kò tíì dé. Wọn yóò kó ìgbìmọ̀ ará ìlú jọ, olórí ìlú àti aṣojú ìgbìmọ̀ ẹkùn yóò jọ jẹ́ alága rẹ̀, wọn yóò máa ṣe ìpàdé tí ẹnikẹ́ni lè wá jókòó sí. Ìgbìmọ̀ yìí ni yóò to àwọn iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó yan èyí tí yóò náwó lé lórí. Nígbà tí ó bá fi máa di pé wọ́n gbé ṣọ́bìrì, ará ìlú ti mọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí yóò wà, àti iye tí ó jẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tàn jẹ bọ̀rọ̀. Ní 2022, lábẹ́ Gómìnà Kathy Hochul, wọ́n tún dá ètò kejì sílẹ̀ fún àwọn ìlú tí ó kéré jù, kí erin má baà máa tẹ èèrà pa nínú ìdíje kan náà.

Èyí dára, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá daṣọ ẹlòmíràn bora láìgé e sí ìwọ̀n wa, yóò máa fà nílẹ̀ ni. Ohun méjì wà nínú ètò ti New York tí yóò pa oníṣòwò tiwa lára bí a kò bá yí i padà.

Àkọ́kọ́ ni pé, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n fún ní owó ni yóò kọ́kọ́ ná tirẹ̀, ìjọba yóò sì san án padà lẹ́yìn tí ó bá kó ìwé ẹ̀rí wá. Èyí ń dí ọ̀nà jìbìtì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní owó tí yóò kọ́kọ́ ná? Onílé ńlá ni, ilé iṣẹ́ ńlá ni. Aláró Ìtòkú tí ó ń fẹ́ orí ilé tí kò jò, níbo ni yóò ti rí owó tí yóò fi dúró de ìjọba fún oṣù mẹ́sàn-án?

Ìkejì ni pé owó tí ó tún ojú àdúgbò ṣe a máa gbé owó ilé ga. Bí òpópónà bá mọ́lẹ̀, tí gọ́tà bá ń ṣàn, ayálégbé yóò yọ̀ títí di ọjọ́ tí lándílọ́ọ̀dù yóò mú ìwé tuntun wá. Èrè àtúnṣe tí a fi owó gbogbo ènìyàn ṣe yóò wá bọ́ sí àpò ẹnìkan ṣoṣo, ẹni tí a ní a ń tìtorí rẹ̀ ṣe é yóò sì lọ wá ìsọ̀ sí ibi tí gọ́tà tún ti dí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Àwa náà ti rí i, a sì ti san owó rẹ̀. Ní 1955, àjọ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ó ti di ahéréhéré, pé kò yẹ olú ìlú orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba òmìnira. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tó fẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìtajà tó bójú mu. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára ju èyí tí wọ́n ti kúrò lọ, ó ní omi, ó ní àyè. Ṣùgbọ́n Peter Marris, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá ṣe ìwádìí láàárín wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn pé ohun tí wọ́n pàdánù kò sí nínú àwòrán àwọn ayàwòrán ilé. Ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ jìnnà sí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ẹbí tí ó ń gbé agboolé kan náà, tí ó ń ran ara wọn lọ́wọ́, fọ́n ká.

Àwọn tí ó ṣe ètò náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ka ilé, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ka owó. Ohun tí wọn kò kà ni òwò. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé kan báyìí, ìyá mẹ́ta ni ó ń tajà níwájú rẹ̀, pé oníbàárà wọn ń ti ibi báyìí wá. Ohun tí kò sí nínú ìwé kò ní ẹni tí yóò gbà á là.

Ìtàn Tẹ́júoṣó náà sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná jó ọjà náà ní oṣù kejìlá 2007. Wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú owó àwọn oníṣòwò ńlá àti báńkì, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá sì ṣí i ní 2014. Ilé náà lẹ́wà. Ó ní àtẹ̀gùn oníná, ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iná ba ọjà wọn jẹ́ lọ. Ẹni tí ó fi owó báńkì kọ́lé gbọ́dọ̀ rí owó náà gbà padà, a kò lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ìdí gan-an nìyí tí a fi nílò owó ìrànwọ́ tí kò ní èlé lórí, ìdí sì nìyí tí owó náà kò fi gbọ́dọ̀ wá láìní àdéhùn nínú.

Kí ni kí àdéhùn náà jẹ́? Mo fẹ́ kí Àjọ Ìdàgbàsókè Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn fi ìpín kan nínú ìṣúná rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àárín ìlú, kí ó jẹ́ ìdíje láàárín àwọn ìlú, kí àwọn ìlú kéékèèké ní ìpele tiwọn. Kí Èrúwà má bá Ìkẹjà du ipò, kí Ìkọ̀lé má bá Ìbàdàn jà. Ṣùgbọ́n kí ìlú kankan má lè wọ inú ìdíje láìjẹ́ pé ó mú ìwé orúkọ wá. Ìwé yìí yóò sọ ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó ń tà, iye ọdún tí ó ti lò níbẹ̀, bóyá òun ni ó ni ibẹ̀ tàbí ó háyà á, àti iye tí ó ń san. Kí wọ́n ka àwọn tí ó ń tajà lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú, àti alábàárù, àti aránṣọ tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé onílé. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ọjà fún oṣù kan gbáko, kí ẹni tí kò rí orúkọ rẹ̀ lè pariwo.

Lẹ́yìn náà, kí òfin owó náà sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni yóò kọ́kọ́ padà sí ìsọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ní iye tí ó ń san tẹ́lẹ̀, fún ọdún tí a bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó kéré tán márùn-ún. Lándílọ́ọ̀dù tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi owó ẹkùn tún iwájú ilé òun ṣe yóò buwọ́ lu ìwé pé òun kò ní lé ayálégbé òun. Bí kò bá fẹ́, kí ó fi owó ara rẹ̀ kun ilé rẹ̀. Kí wọ́n sì yọ ìpín kan sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí wọn yóò máa san ní tààrà fún ẹni tí ó ń tún orí ilé ṣe tàbí tí ó ń fa iná, kí oníṣòwò má baà kọ́kọ́ ná owó tí kò ní. Ní òpin ọdún kejì, kí wọ́n mú ìwé orúkọ àkọ́kọ́ jáde, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mélòó ni ó ṣì wà níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn ju gbogbo àwòrán tí gómìnà yóò yà níbi ìṣíde lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwé orúkọ náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bà jẹ́: àwọn olórí ọjà yóò kọ orúkọ ọmọ wọn sí i, olóṣèlú yóò kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A mọ orílẹ̀-èdè tí a wà, a mọ bí orúkọ òkú ṣe ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi wé ohun tí a ní lọ́wọ́. Irọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà, ẹgbẹ̀rún ojú ni yóò rí i, aládùúgbò ìsọ̀ mọ ẹni tí ó ń jí wá gbálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òun lójoojúmọ́. Irọ́ tí ó wà nínú fáìlì ní olú ilé iṣẹ́, ta ni yóò rí i títí di ọjọ́ tí ààrẹ yóò pàṣẹ àyẹ̀wò?

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà jẹ́, kí ni ó kan àjọ ẹkùn? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àfikún kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kà á sílẹ̀ kedere pé ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà ni mo fi sọ pé kí àjọ ẹkùn má ṣe kọ́ ọjà kankan fúnra rẹ̀. Kí ó jẹ́ olówó tí ó ń béèrè ìwé orúkọ, kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń kọ ìwé, kí àwọn ọlọ́jà jẹ́ ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé ará ìlú wa kò lè jókòó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ti ṣe é. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ nípa ìlú àti ilẹ̀ tí ó di olóògbé ní 2022, ṣáájú nínú kíkó ará ìlú jọ láti jíròrò ohun tí ó ń sọ wọ́n di òtòṣì àti ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà dúró ti ètò náà. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbógun ti òṣì, wọ́n ń yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní owó, láti inú rẹ̀ sì ni oko ẹja Eriwé ti jáde, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sin ẹja pa pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni ó yọrí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ìjíròrò ni ó ṣáájú, owó ni ó tẹ̀lé e. Bí ìlú kan lè ṣe é láìsí owó ẹkùn kankan, kí ni ìlú mìíràn kò lè ṣe bí owó bá wà?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó parí sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n yàn sínú àjọ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti òkèèrè, ẹ má dúró de àjọ kankan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò kan ti tó láti kọ orúkọ gbogbo ọlọ́jà tó wà ní àárín ìlú yín. Ẹ kọ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sí ààfin.

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá ní iwájú ọjà yín, wọn yóò tẹ́ àwòrán sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, wọn yóò máa nàka sí ibi tí ilé tuntun yóò wà. Ẹ kí wọn káàbọ̀, nítorí àlejò ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé yín jáde, kí ẹ sì béèrè ibi tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò wà nínú àwòrán náà.